Owú orogún ni, àbí ìlànà ààfin? Ọ̀rọ̀ àwọn ayaba ilẹ̀ Ṣáínà

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí èmi àti ìyá ọkọ mi ti ń wo eré ààfin ilẹ̀ Ṣáínà lálaalẹ́. Bí ayaba kan bá ti bu májèlé sínú ọbẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, ìyá á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "O ò rí i? Owú ni! Kò sí ilẹ̀ tí orogún kì í ti í jẹ́ orogún." Èmi náà ń bá wọn dá sí i tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn gidi tó wà nídìí àwọn eré yìí ni ọkàn mi kọ ọ̀rọ̀ owú yẹn. Ohun tí mo rí ni ààfin tí wọ́n kọ́ bíi pàkúté. Oníwà tútù wọlé síbẹ̀, ó jà. Òjòwú wọlé síbẹ̀, ó jà. Ẹ̀mí ọmọ wọn ni wọ́n ń jà fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Liu Bang, ẹni tó dá ìjọba Han sílẹ̀, ti fẹ́ Lü Zhi nígbà tí kò tíì já mọ́ nǹkan kan, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kékeré lábúlé. Lü Zhi ń roko, ọmọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, Xiang Yu tó jẹ́ ọ̀tá ọkọ rẹ̀ mú un nígbèkùn, ó sì lé ní ọdún méjì kó tó bọ́. Nígbà tó fi máa padà, ọkọ ti rí ọmọge kan tó ń jẹ́ Qi, tó mọ ijó jó, ó sì ti bí Ruyi fún un. Láti ìgbà náà, Qi ni ọba ń mú rìn lọ sójú ogun, ìyálé ń ṣọ́ ilé. Tọ̀sán-tòru ni Qi ń sunkún sí ọba létí pé kó yọ Liu Ying, ọmọ Lü Zhi, kúrò ní ipò àrẹ̀mọ, kó fi Ruyi síbẹ̀.

Ọba fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n níjọ́ kan, níbi àsè, ó rí àwọn àgbà mẹ́rin kan tí irun wọn funfun báláú, tí wọ́n dúró ti Liu Ying. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ránṣẹ́ sí wọn tí wọn kò dá a lóhùn. Ó pe Qi, ó nawọ́ sí wọn, ó ní ìyẹ́ ti hù lápá ọmọ yẹn, òun ò lè yí i padà mọ́. Qi bú sẹ́kún. Ọba ní kó jó ijó ilẹ̀ Chu fún òun, kí òun náà kọ orin Chu fún un.

Ijó yẹn kì í kúrò lójú mi. Àwọn méjèèjì ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọba wàjà ní ọdún 195 ṣáájú ìbí Jésù. Lü Zhi ní kí wọ́n fá orí Qi, kí wọ́n fi irin dè é lọ́rùn, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ pupa ẹlẹ́wọ̀n, kó máa gún ọkà. Qi ń gún un, ó ń dárò pé ọmọ òun jọba ní ilẹ̀ Zhao, òun ìyá rẹ̀ wá di ẹrú, ọ̀nà sì jìn, ta ni yóò bá òun sọ fún un? Àrò yẹn dé etí Lü Zhi. Ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé obìnrin yìí ṣì gbójú lé ọmọ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ruyi wá sí olú-ìlú.

Ẹ̀yin ará, bí Qi bá borí ńkọ́? Ṣé Lü Zhi àti ọmọ rẹ̀ ìbá wà láàyè? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn.

Bàbá Ìbejì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ṣe é. Ṣùgbọ́n o dákẹ́ níbi tó yẹ kó o ti sọ̀rọ̀, màá sì parí rẹ̀ fún ọ.

Liu Ying, tó ti jọba nígbà náà, mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ní lọ́kàn. Ó lọ pàdé àbúrò rẹ̀ lọ́nà, ó mú un wọ ààfin ara rẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọmọ náà mú. Oṣù bíi mélòó kan nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ọba jáde lọ ta ọfà. Ruyi kéré, kò lè jí ní kùtùkùtù, ọba fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti fún ọmọ náà ní májèlé mu.

Kò parí síbẹ̀. Lü Zhi ní kí wọ́n gé ọwọ́ Qi, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yọ ojú rẹ̀, kí wọ́n fi iná ba etí rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n fún un ní oògùn tí yóò sọ ọ́ di odi, kí wọ́n jù ú sínú ṣáláńgá. Ó ní kí wọ́n máa pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ọba kò mọ̀ pé ènìyàn ni, ó bèèrè. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó sunkún, àìsàn gbé e dè fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ọtí ló ń mu títí ó fi kú ní ọdún 188.

Ìlànà ààfin wo ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀? Ruyi ti kú. Ẹ̀rù kankan kò sí mọ́. Ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀rù, kí la fẹ́ pè é bí kò ṣe owú?

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò lè jà yín níyàn lórí ṣáláńgá yẹn. Ọ̀rùn Lü Zhi ni ẹ̀jẹ̀ yẹn wà, mi ò bá a wẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n Sima Qian tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún wa, òun náà ló kọ ọ́ pé nígbà tí obìnrin yìí ń ṣàkóso, ara tu àwọn ará ìlú, ìjìyà kò wọ́pọ̀, oúnjẹ àti aṣọ sì ń pọ̀ sí i. Ẹni kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo inú ilé tí wọ́n fi í sí.

Ẹ sì jẹ́ ká wo ibi tí kò sí orogún rárá nínú ọ̀rọ̀. Han Wudi, ọmọ ọmọ-ọmọ Liu Bang yìí, fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ kékeré ṣe àrẹ̀mọ. Kí ó tó ṣe é, ó kọ́kọ́ rán ìyá ọmọ náà, Ayaba Gouyi, sí ikú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ọba ní ọmọ tó kéré tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ máa ń da ìlú rú. Nígbà tó di ìjọba Wei ti Àríwá, láti ọdún 409 lẹ́yìn ìbí Jésù, ó di àṣà: bí wọ́n bá ti fi ọmọ rẹ ṣe àrẹ̀mọ, wọ́n á pa ọ́. Àwọn ayaba ibẹ̀ wá ń gbàdúrà kí àwọn bí ọmọbìnrin, tàbí ọmọkùnrin tí kò ní jọba. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó má fún àwọn ní ohun tí gbogbo ayaba ilẹ̀ yòókù ń tọrọ. Ṣé owú nìyẹn náà, Bàbá?

Àlàní Ìtàn

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n mú ìjọba Tang wá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣi ìtàn sọ jù.

Wu Zetian wọ ààfin nígbà ayé ọba Taizong, ipò kékeré ló wà. Nígbà tí Taizong kú ní ọdún 649, wọ́n kó àwọn ayaba tí kò bímọ fún un lọ sí ilé ìsìn Búdà, wọ́n fá orí wọn. Ọba tuntun, Gaozong, ti ń fojú sí Wu tẹ́lẹ̀. Olorì rẹ̀, ìyẹn ìyàwó àgbà, Wang, kò bímọ. Ayaba kan tó ń jẹ́ Xiao ló gba ọkàn ọba, Xiao sì ti bí ọkùnrin. Kí ni Wang ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Wu jẹ́ kí irun hù, òun ló mú un padà wọ ààfin, kó lè bá òun lé Xiao.

Ní ọdún 654, ọmọbìnrin kékeré tí Wu bí kú. Wọ́n ní Wang ló pa á. Ní 655, wọ́n yọ Wang àti Xiao nípò, Wu di olorì. Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé Wu fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ náà kó lè rí nǹkan dì mọ́ Wang lẹ́sẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ fín-ín-fín-ín, Ouyang Xiu àti Sima Guang, ìgbà ìjọba Song ni wọ́n gbé ayé. Ó ti tó 400 ọdún lẹ́yìn tí ọmọ náà kú. Ta ló wà nínú yàrá yẹn tó wá ròyìn fún wọn? Ọmọdé a sì máa kú nígbà yẹn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ní Wang àti Xiao kú: wọ́n ní Wu nà wọ́n ní 100 ẹgba, ó gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, ó sọ wọ́n sínú àgbá ọtí. Ẹ fi wé ti Qi. Èmi rò pé ìtàn Lü Zhi wà lórí tábìlì àwọn tó ń kọ ti Wu. Pé ó ní kí wọ́n pa wọ́n, mo gbà. Bí wọ́n ṣe pa wọ́n ni mi ò fọwọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù nìyí. Nígbà tí ọba fẹ́ yọ Wang, àwọn ìjòyè àgbà kọ̀. Chu Suiliang fi orí gbálẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Ọba wá lọ bi Li Ji, ọ̀gágun àgbà. Li Ji ní, "Ọ̀rọ̀ inú ilé Kábíyèsí lèyí. Kí ni Kábíyèsí ń bi ará ìta sí?" Gbólóhùn yẹn ló tán an. Àwọn ọkùnrin ti pín sí méjì tipẹ́, wọ́n ń jìjà agbára, àwọn ayaba sì ni igi tí wọ́n fi ń na ara wọn.

Ìyá Ṣeun

Ilé olórogún ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi ni ìyàwó kẹta nínú mẹ́rin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nígbà tí mo ka ti Wang, ara mi gbọ̀n. Ìyálé wa náà ló lọ fẹ́ ìyàwó kẹrin fún bàbá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kó bá òun pa iná ìyá mi. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé. Ìyálé fúnra rẹ̀ ló bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pé ọdún méjì tí ìyàwó náà fi gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ló wá ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyálé nígbà tó ń ṣàìsàn. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn méjèèjì ti wá mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Owú wà nílé wa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá mi pín ilẹ̀ oko sọ́nà mẹ́rin lójú gbogbo wa, tí kálukú mọ ibi tí tirẹ̀ dé, owú yẹn lọ sílẹ̀ bí iná tí a fa igi rẹ̀ yọ. Èyí tó kù kò ju kí wọ́n má kíra fún ọjọ́ méjì.

Bàbá Ìbejì

Ìyá Ṣeun, mi ò bínú rárá. Ẹ sọ ọ́ débi tó dùn mí.

Dẹ̀jọ Guangzhou

Ẹ kú iṣẹ́ o. Guangzhou ni mo ti ń ṣòwò aṣọ. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Beijing, mo sì wọ ààfin àwọn ọba àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1420. Ó tóbi kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró pẹ́ sí jù ni ẹ̀gbẹ́ kan ní ìhà àríwá ìlà oòrùn, nídìí kànga Ayaba Zhen. Òkúta ló wà lórí rẹ̀, irin la ẹnu rẹ̀ kọjá. Ẹnu kànga yẹn kéré gan-an. Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lójú, mo ń bi ara mi bí ènìyàn ṣe gba ibẹ̀ wọlé.

Ọba Guangxu fẹ́ràn Zhen. Olorì rẹ̀ Longyu ni kò náání, nítorí Cixi, ìyá-ọba, ló fi í lé e lọ́wọ́, ọmọ àbúrò Cixi sì ni. Ní ọdún 1894 wọ́n na Zhen, wọ́n já a nípò. Ní 1900, nígbà tí ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè ń wọ Beijing, wọ́n ju Zhen sínú kànga náà, Cixi sì sá lọ.

Mo fẹ́ bèèrè: ìjánípò yẹn, kí ló túmọ̀ sí gan-an? Ṣé orúkọ lásán ni?

Àlàní Ìtàn

Dẹ̀jọ, kì í ṣe orúkọ lásán o. Oúnjẹ ni, igi ìdáná ni, ìránṣẹ́ ni, fàdákà ni. Nígbà ìjọba Qing, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, ipò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olorì kan ṣoṣo, 1,000 liang fàdákà lọ́dún (liang ni òṣùwọ̀n fàdákà wọn). Huangguifei kan, 800. Guifei méjì, 600. Fei mẹ́rin, 300. Pin mẹ́fà, 200. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí kò ní iye: guiren 100, changzai 50, daying 30. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 1,000 àti 30, kẹ́ ẹ sì rántí pé inú odi kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń rí ohun tí wọ́n ń gbé wọ yàrá ara wọn láràárọ̀.

Cixi yẹn fúnra rẹ̀, guiren ni nígbà tó wọlé ní 1852. Ó bí ọmọkùnrin ní 1856, ní 1857 ó ti di guifei. Ọmọ kan ṣoṣo ló gbé e.

Mo sì fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣeun nípa ilẹ̀ tí wọ́n pín. Ní 1723, ọba Yongzheng kọ orúkọ ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé, ó fi sínú àpótí, ó gbé e sẹ́yìn pátákó ńlá tó wà lókè ìtẹ́ ní gbọ̀ngàn Qianqing. Kò sí ayaba tó mọ orúkọ ọmọ ta ni. Ta lo fẹ́ bu májèlé fún nígbà tí o kò mọ àrẹ̀mọ? Ìjà àwọn ayaba kò tán, ṣùgbọ́n idà ìjà náà ti kú lẹ́nu.

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Àlàní, mo dúpẹ́. Ibi tí mò ń lọ gan-an lẹ gbé mi dé.

Ìtàn kan kù tí mo ti ń pa mọ́ láti àárọ̀. Ó wà nínú ìwé ìtàn ìjọba Ming tí ìjọba Qing parí ní 1739. Ọba Chenghua fẹ́ràn ayaba kan, Wan, tó fi bí ọdún 17 dàgbà jù ú lọ. Wan ló tọ́jú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1464, olorì ọba náà, Wu (kì í ṣe Wu Zetian o), ní kí wọ́n na Wan. Kò tó oṣù kan àbọ̀ lórí oyè tí ọba fi yọ olorì náà. Wan bí ọmọkùnrin ní 1466. Ọmọ náà kú kó tó pé ọdún kan, Wan kò sì bímọ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ní ó ti ń ṣẹ́yún fún gbogbo ayaba tó bá lóyún.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ji, ará Guangxi. Ogun ló kó o wá. Ó mọ̀wé, wọ́n fi í ṣọ́ ilé ìṣúra. Ọba wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í ní ọ̀rọ̀, ó dáhùn dáadáa, ọba bá a sùn. Nígbà tí oyún yọ, Wan rán ìránṣẹ́bìnrin lọ bà á jẹ́. Ìránṣẹ́ náà padà, ó ní kì í ṣe oyún, àìsàn inú ni. Wọ́n lé Ji lọ sí ilé tí àwọn aláìsàn ń gbé, ibẹ̀ ló bímọ sí ní 1470. Ìwẹ̀fà kan, Zhang Min, ni wọ́n rán kó lọ ri ọmọ náà sómi. Kò ṣe é. Ó gbé e pamọ́, ó ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti oyin bọ́ ọ. Olorì Wu, èyí tí wọ́n yọ, ń gbé nítòsí, òun náà ń bá wọn tọ́ ọ.

Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìránṣẹ́ Wan, ìwẹ̀fà, olorì tí wọ́n lé kúrò lórí oyè. Gbogbo wọn mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ra ojúrere. Fún ọdún márùn-ún, kò sí ẹni tó la ẹnu. Nínú ààfin tí ẹ ń pè ní ilé owú!

Ní 1475, Zhang Min ń ya irun fún ọba. Ọba wo dígí, ó mí kanlẹ̀, ó ní ogbó ti ń dé, òun ò sì ní ọmọ. Zhang Min kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá mú ọmọ náà, Ji dì mọ́ ọn, ó ní, "Bí o bá ti lọ, èmi ò ní yè é. Ẹni tí o bá rí tó wọ aṣọ ìgúnwà aláwọ̀ ìyeyè, tó ní irùngbọ̀n, bàbá rẹ nìyẹn." Wọn ò tíì gé irun ọmọ náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Irun náà ń wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ bá ọba.

Ji kú lọ́dún yẹn kan náà, lójijì. Zhang Min gbé wúrà mì, òun náà kú. Ìyá-ọba gba ọmọ náà sọ́dọ̀, ó ní kó má jẹ ohunkóhun lọ́dọ̀ Wan. Wan gbé oúnjẹ fún un lọ́jọ́ kan, ọmọ ní òun ti yó. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, ọmọ ní, "Ẹ̀rù ń bà mí pé májèlé wà níbẹ̀."

Ìyá Ṣeun

Ọmọ ọdún mélòó! Olúwa ò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ pé Wan náà ń ṣe mí láàánú. Obìnrin tó sin ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí gbogbo ààfin sì ń ka oyún ẹlòmíràn sí i létí. Mi ò ní kó ṣe ohun tó ṣe. Àánú ló ń ṣe mí.

Bàbá Ìbejì

Àbẹ̀kẹ́, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà fún ọ lórí èyí. Mo ṣì di ọ̀rọ̀ mi mú lórí Lü Zhi, ṣùgbọ́n mo gbà pé ilé ló ń sọ irú ìjà tí ènìyàn máa jà.

Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó gbẹ̀san ìyá rẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ mọ ìdílé ìyá rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Bàbá, ó jọba ní 1487, òun ni wọ́n ń pè ní Hongzhi. Àwọn ìjòyè ní kó fìyà jẹ ìdílé Wan, ó ní rárá, kò ní tako ọkàn bàbá òun. Ìyàwó kan ṣoṣo ló fẹ́, Olorì Zhang. Kò fi ayaba kankan kún un títí ó fi kú ní 1505.

Ní ti ìdílé ìyá rẹ̀, ó ránṣẹ́ lọ sí Guangxi, kí wọ́n wá wọn rí. Àwọn ọkùnrin méjì jáde wá, wọ́n ní ìbátan Ji làwọn. Ó fún wọn nílé, ó fún wọn nílẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn mìíràn tún wá, irọ́ ni. Ó ń ránṣẹ́, wọ́n ń wá, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Ní 1490, ó ní kí wọ́n kọ́ ojúbọ kan sí Guilin fún àwọn òbí ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀, kí wọ́n máa rúbọ sí wọn nígbà tó bá yẹ. Ìjòyè kan ló kọ ọ̀rọ̀ ìrántí ìyá náà. Wọ́n ní bí ọwọ́ ọba bá dilẹ̀, ó máa ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún ara rẹ̀, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀.